Àgbálùmọ̀ Ẹ̀yìnkùlé Lájídé

Ilẹ̀ ọgbà náà rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n ká ti sún wá sí ẹ̀yìn ọgbà, ó dúró síbẹ̀ bí àlejò tó ń tijú láti kan ilẹ̀kùn. Kùrukùru bo ibi gbogbo, síbẹ̀ Fágbúyì ń ríran kedere. Àwọn igi àgbálùmọ̀ tí kò tíì gbìn ti dàgbà, wọ́n ti so, èso wọn sì pọ́n yòò.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n sin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, jókòó sórí àpótí lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé agbọ̀n sáàárín, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ àgbálùmọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti máa ń ṣe: èyí tó rọ̀ sọ́tùn-ún, èyí tó le sósì.

"Àwẹ̀ró, ṣé ìwọ nìyí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ jókòó, Bàbá Ìbídùn. Ẹ ti dí mi lójú."

Ó jókòó sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó sọ fún un pé òun ti ro ilẹ̀ ọgbà tí òun ṣèlérí fún un, òjò sì ti rọ̀. Lọ́la ni òun fẹ́ gbìn ín, àmọ́ òun kò tíì mọ irú àgbálùmọ̀ tí òun yóò mú. Ti Àkúrẹ́ tóbi, ó sì ń tètè so. Ti Iléṣà kéré, ṣùgbọ́n ó ń so wọ̀ǹtìwọnti.

"Ti Lájídé ńkọ́?"

Fágbúyì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lájídé ni aládùúgbò wọn, ọdún mẹ́ta sì nìyí tí kò ti kí ọkùnrin náà. Nígbà tí àìsàn dá Àwẹ̀ró dúbúlẹ̀, tó ní àgbálùmọ̀ nìkan ni ẹnu òun ń fẹ́, igi Lájídé ni Fágbúyì ti lọ mú un. Ó kan gógó débi pé omi bọ́ lójú aláìsàn.

"Ó mọ̀ pé igi òun kan, kò sọ fún mi. Mi ò ní gbin igi ọ̀dàlẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mú un lọ́jọ́ náà?"

"Mo gun àkàbà, mo ká a."

"Ẹ ká a! Àgbálùmọ̀!" Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́. "Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ pé wọn kì í ká àgbálùmọ̀. Ó gbọ́dọ̀ já fúnra rẹ̀ kó tó dùn. Ẹ lọ bá a lókè tí kò pè yín, ẹ wá ń bínú sí onígi!"

"Ṣé kí n máa dúró dè é ni? Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní já kó tó..." Kò parí rẹ̀.

"Mo mọ̀." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ ẹ́ tán. Kíkan rẹ̀ kọ́ ló pa mí lẹ́kún. Ẹ̀yin tí òòyì ń kọ́ lórí àga lásán, ẹ gun àkàbà nítorí tèmi."

Èso kan já, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú un, ó là á sí méjì, ó na apá kan sí ọkọ rẹ̀. "Ti Lájídé ni. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ó dùn. Kíkan díẹ̀ wà lẹ́yìn adùn náà, bí ọ̀rọ̀ àwàdà lẹ́nu obìnrin tó mọ ọkọ rẹ̀ dáadáa. Fágbúyì yíjú láti sọ fún un.

"Bàbá, ẹ dìde, oòrùn ti dé ara yín."

Ìbídùn ló ń pè é. Orí ẹní ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n. Ó jókòó, ọ̀rọ̀ náà wá yé e. Ikú ló ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí wá, ṣùgbọ́n ikú kò nílé ládùúgbò tí èèyàn lè máa kọjá láìkí i. Lájídé ló nílé.

Ó dìde, ó lọ síbi ògiri tó pààlà láàárín ilé méjèèjì.

"Lájídé! Àwọn ọmọ igi tó ń hù lábẹ́ àgbálùmọ̀ rẹ, mo fẹ́ tọrọ nínú wọn."

Ohùn kan dáhùn lódìkejì:

"Mélòó?"