Ohun Tí Dókítà Sọ fún Mùktárù

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Wàsílátù kúnlẹ̀ bẹ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lọ́dún tí owó Udójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n sì dárí jì í bí ẹni tó ń ta á lọ́rẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó pariwo mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbá àbúrò ọkọ rẹ̀ létí nítorí ife omi kan péré. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kò ṣeé gbọ́ sétí: ó ya aṣọ oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́, lójú gbogbo àdúgbò, torí pé onítọ̀hún ní kó tètè bá òun rán an.

Bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Máfòlúkù, wọ́n á sọ fún yín pé Wàsílátù, Ìyá Sùlè télọ̀, kì í ṣe oníjà. Ọdún mẹ́jọ ló fi gbé ilé yẹn láìbá ayálégbé kankan fa ọ̀rọ̀. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ yí padà. Ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo ayé ń gbọ̀n, òun ń làágùn. Ó ń jẹun bí agbẹ́gilódò, ó sì ń rù. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni tó sáré débẹ̀, kò rí oorun sùn mọ́, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á bí i nínú, kó tó mọ̀, ó ti sọ ohun tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá jókòó, tí á máa sunkún, tí á máa bi ara rẹ̀ pé, "Àbí mo ti ń ya wèrè ni?"

Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Mùktárù ọkọ rẹ̀ pé kó mú òun lọ sí ọsibítù. Akọ̀wé ni Mùktárù ní ẹ́pọ́ọ̀tù, ó gbọ́ òyìnbó dáadáa, ará Íńdíà sì ni dókítà tí wọ́n bá. Wàsílátù ò gbọ́ òyìnbó, dókítà ò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà lọ, dókítà sọ̀rọ̀ títí. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà, ó fọwọ́ kan orí, ó kọ nǹkan sínú pépà, ó fún Mùktárù.

"Bàbá Sùlè, kí ni wọ́n sọ?" Wàsílátù béèrè nígbà tí wọ́n jáde.

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ́. Wọ́n ní ìwà ni."

"Ọ̀fun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn ńkọ́?"

"Wọ́n ní kó o máa rẹ ohùn ẹ sílẹ̀."

"Orí ńkọ́?"

"Kó o máa ronú kó o tó sọ̀rọ̀." Mùktárù ká pépà náà, ó tì í bọ àpò. "Fítámì ni wọ́n kọ síbí. Oúnjẹ tí ò ń jẹ ti tó."

Ojú ti Wàsílátù. Ó gbà á gbọ́. Ta lẹ fẹ́ kó gbà gbọ́, bí kò bá gba ọkọ tó wá fẹ́ ẹ nílé bàbá rẹ̀ gbọ́?

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe ìpàdé ẹbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ìpàdé náà fún yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì Wàsílátù ní Ìsẹ́yìn, ìyá Mùktárù ti fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí fún bàbá Wàsílátù, níwájú lèmọ́mù, pé àwọn ò ní fẹ́ ìyàwó lé e láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀. Bàbá náà ti kú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ló mọ̀ nípa ìlérí yẹn. Ní báyìí, owó Udójì ti dé, Mùktárù ti ra rédíò ńlá àti bàtà gogoro, ojú rẹ̀ sì ti wà lára Ìsíátù, ọmọge tó ń ta léèsì ní ọjà Aswani. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó nìkan ló kù, ẹ̀ṣẹ̀ náà sì ti wà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá Wàsílátù. Màmá náà wọ ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣòdì pẹ̀lú àpò èlùbọ́ lórí. Kò tíì mu omi tó fi kúnlẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kúnlẹ̀ fún àwọn tó lè bí lọ́mọ, ó ní, "Ẹ ṣàánú mi, ẹ má lé ọmọ mi. Èmi ni mi ò kọ́ ọ dáadáa." Mùktárù jókòó sórí àga, ó ń wò ó. Kò sọ pé kó dìde. Ẹbí ní àwọn ò ní lé e, ṣùgbọ́n kó gbà kí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ẹni tó máa fún un ní ìsinmi. Wàsílátù gbà. Òun náà ló bu omi sí Ìsíátù lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí ìyàwó wọlé, ó sì fipá rẹ́rìn-ín.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ ọsibítù yẹn, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Adéfúnmiláyọ̀ gbé aṣọ funfun wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pé kó bá òun rán yunifọ́ọ̀mù. Bó ṣe rí ojú Wàsílátù tó ti yọ síta, ó gbé aṣọ sílẹ̀.

"Ìyá Sùlè, ẹ̀yin lẹ wá sọ́dọ̀ dókítà wa lọ́jọ́sí, àbí? Èmi ni mo di apá yín mú tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ ò lo oògùn yín ni?"

"Oògùn wo, Àǹtí Nọ́ọ̀sì? Wọ́n ṣáà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Wọ́n ní ìwà mi ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Etí mi méjèèjì yìí ni mo fi gbọ́ bí dókítà ṣe ṣàlàyé fún ọkọ yín!"

Ó fà á jókòó. Ó ní kókó kékeré kan wà lọ́rùn gbogbo èèyàn, tó máa ń da nǹkan tí wọ́n ń pè ní họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá dà á níwọ̀n, ara á balẹ̀. Bó bá dà á jù, á máa lé ọkàn ní eré, èèyàn á máa rù, á sì gun ọpọlọ lọ, débi pé ẹni jẹ́jẹ́ á di oníbìínú, kò sì ní mọ ohun tó ń lé òun. Ó ní ti Wàsílátù ń dà á jù. Dókítà sì ti sọ fún Mùktárù pé oògùn máa kápá rẹ̀, pé kí gbogbo ilé ṣe sùúrù fún un títí ara rẹ̀ á fi yá.

Háà! Kì í ṣe ìwà òun! Inú Wàsílátù kọ́kọ́ dùn débi pé ó fẹ́ jó. Ẹ̀yìn náà ló wá rántí ìyá rẹ̀ lórí eékún. Mùktárù mọ̀. Ó mọ̀, ó sì jókòó. Ohun tó gún un lọ́kàn jù nìyẹn, ó dùn ún ju ìyàwó tó fẹ́ lé e lọ.

"Bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí," ó sọ fún nọ́ọ̀sì, "wọ́n á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ara mi kọ́kọ́ balẹ̀ ná."

Nọ́ọ̀sì mú un padà sọ́dọ̀ dókítà, òun ló sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Oṣù mẹ́ta ni Wàsílátù fi rọra ń lo oògùn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Oorun padà, ẹran ara padà, àyà ò lù kìkì mọ́. Àwọn ará ilé ń yìn ín pé ó ti ronú pìwà dà. Mùktárù alára ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Orogún ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n." Ẹ gbọ́ ìrànù!

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wà níwọ̀n tó yẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹbí pé jọ sí pálọ̀ bí Wàsílátù ṣe bẹ̀ wọ́n. Wàsílátù wọlé, ó kí wọn, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìgbé ohùn sókè.

Ìyá Mùktárù káwọ́ lórí. "Mùktárù, o mọ̀ pé àìsàn ni, o sì jẹ́ kí ìyá oníyàá kúnlẹ̀ fún wa?"

Mùktárù wo ilẹ̀, ó wo ògiri. "Ká ní mo sọ ọ́, ṣé ẹ̀ bá jẹ́ kí n fẹ́ Ìsíátù ni?" Ó yíjú sí Wàsílátù. "Ìyá Sùlè, jọ̀ọ́. Ìyẹn ti kọjá. Ara ẹ ṣáà ti yá."

"Mo ti gba yàrá ní Ìsọlọ̀, Bàbá Sùlè. Èmi àti ọmọ mi ń lọ. Ẹ wá tú yìgì mi níwájú lèmọ́mù."

Mùktárù fò dìde. "Ẹ ò rí i báyìí? Àìsàn yẹn ló tún dé! Wàsílátù, ṣé o lo oògùn ẹ lónìí?"

"Mo lò ó láàárọ̀, mo tún lò ó lọ́sàn-án. Ara mi dá ṣáká. Gbogbo ìbínú ìgbà yẹn, àìsàn ló fà á. Ti òní yìí, ẹ̀yin lẹ fà á."

Ìyá Mùktárù ló dìde, ó bá a gbé ẹrù dé ojú títì.