Ìkúnlẹ̀ Tí Wọ́n Fi Dánra Wò

Iṣẹ́ Ingrid Salo ní Duluth, ìlú kan létí adágún ńlá, ni kó máa lúgọ de àwọn èèyàn. Kì í ṣe olè o, ayàwòrán ni. Ọkùnrin tó bá fẹ́ bẹ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ pé kó fẹ́ òun, tí kò sì fẹ́ kí obìnrin náà fura, Ingrid ló ń wá lọ. Òun ló máa yan ibi tí wọ́n á dúró sí, òun ló máa mọ ìgbà tí oòrùn á dára. Á wá fara pamọ́ pẹ̀lú kámẹ́rà ẹlẹ́nu gígùn, kó lè mú ojú obìnrin náà ní kété tó bá rí òrùka. Oṣù Kẹsàn-án ló rọrùn fún un jù, torí ìgbà yẹn làwọn àṣá máa ń kọjá létí adágún lọ sí gúúsù, tí gbogbo ìlú á sì kún fún àwọn tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn tí wọ́n ń wo òkè. Ta ló fẹ́ fura sí ẹnì kan ṣoṣo láàárín wọn?

Bí Russ Tikkanen ṣe wá bá a nílé kọfí nìyẹn. Oníṣẹ́ iná ni Russ, ó sanra, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá lẹ́nu rẹ̀. Denise Bergum, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ló fẹ́ fẹ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti jọ wà. Russ ò fi nǹkan kan pamọ́ fún Ingrid: ó ní ọkọ tí Denise kọ́kọ́ fẹ́ máa ń sọ pé òun lọ pẹja, nílé obìnrin mìíràn ló sì máa ń wà, ọ̀pọ̀ ọdún lọ́kùnrin náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ingrid gbọ́ o. Ó mi orí, ó ní ó mà ṣe o, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sórí oòrùn àti àwọ̀ aṣọ. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti dákẹ́ kó ro ọ̀rọ̀ náà wò, ṣùgbọ́n àbámọ̀ kì í ṣáájú ọ̀rọ̀.

Russ ò mọ irọ́ pa rárá. Bí wọ́n bá bi í léèrè ibi tó ń lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, á wá máa ṣàlàyé ohun tẹ́nì kan ò bi í. Ingrid ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á tú síta kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó kọ́ ọ pé kó ti fóònù rẹ̀ pa, kí ìdáhùn rẹ̀ kúrú, kó sì máa wo ojú Denise bó bá ń sọ̀rọ̀, torí ẹni tó bá ń wolẹ̀ ni wọ́n ń fura sí. Wọ́n fi kọ́ra nídìí tábìlì títí ó fi mọ́ Russ lẹ́nu. Ingrid pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lọ fi dánra wò létí omi. Kò sí ayàwòrán gidi tí kì í ṣe é, torí àwọn ọkùnrin tó sanra máa ń fi ẹ̀yìn bo obìnrin lójú kámẹ́rà bí wọ́n bá kúnlẹ̀. Ingrid gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ kó máa dá yàwòrán, ó dúró síbi tí Denise máa dúró sí. Russ kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Russ ti sọ nílé pé òun ń bá ìyá arúgbó kan tún iná ṣe nílùú Two Harbors. Àṣé Marlys, àbúrò Denise, ń mú ajá rẹ̀ rìn lójú ọ̀nà òkè, ó sì rí wọn.

Ingrid ò mọ̀. Nígbà tọ́jọ́ pé, ó wà lẹ́yìn àpáta kan tí kò jìnnà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá àṣá. Russ mú Denise dé, Ingrid sì rí ojú obìnrin náà nínú kámẹ́rà. Ó ti rí ojú obìnrin tó pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, èyí kì í ṣe ojú ẹni tó wá ṣeré. Ó yẹ kó jáde. Kò jáde, ó ń yàwòrán lọ.

Kí Russ tó kúnlẹ̀, Denise bi í pé, "Níbo lo wà ní Sọ́ńdè tó kọjá?"

"Two Harbors. Mo lọ tún iná ìyá yẹn ṣe." Ó wo ojú rẹ̀ tààrà. Kò kólòlò.

"Marlys rí ẹ níbí. O kúnlẹ̀ fún obìnrin kan."

Russ pariwo orúkọ Ingrid. Ingrid sáré jáde, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó sì fi àwọn àwòrán ìdánrawò náà han Denise. Denise wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ingrid rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ó tún gbé kámẹ́rà sójú.

"Jọ̀ọ́, gbé e sílẹ̀," Denise ní. "Mo gbà yín gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì."

Russ na òrùka sí i. Denise ò gbà á.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ bi ẹ́ léèrè kí n tó dárúkọ Marlys ni. Mo fẹ́ fún ẹ láyè láti sọ òótọ́. Russ, láti ọdún mẹ́rin, bó o bá fẹ́ purọ́, mo máa ń mọ̀ kó o tó lanu. Nǹkan tí mo fi ń rí oorun sùn nìyẹn. Ní báyìí, mi ò ní mọ̀ mọ́."

"Torí tìẹ ni mo ṣe kọ́ irọ́ pípa."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Ingrid sọ fún Denise pé òun lòun kọ́ Russ, kó má bínú sí i, òun ni kó bínú sí. Denise ní inú ò bí òun sí ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ló sì sọ, kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ló dun Ingrid jù. Denise gun ọ̀nà òkè lọ bá Marlys tó ń dúró dè é nínú ọkọ̀, wọ́n sì wakọ̀ lọ.

Russ jókòó lórí òkúta. Ó bi Ingrid pé kí ló yẹ kóun lọ sọ fún Denise. Ingrid, tó ti ń kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ láti ọjọ́ yìí wá, jókòó tì í, kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan fún un.