Fèrèsé Tí Sewanu Fi Ọ̀dà Dí

Ìgbátí kejì ló gbé Àdùní ṣubú lu àwọn kẹ́ẹ̀gì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èkíní ti bà á lójú, ó sì ti rò pé ó parí síbẹ̀, nítorí Sewanu ọkọ rẹ̀ kì í sábà gbá ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀bẹ ìdáná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sewanu fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀bẹ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wá fi ìka tọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ha ọ̀dà kúrò lára fèrèsé. Kò ju ìwọ̀n èékánná kan lọ.

"Àdùní, ṣé o fẹ́ kí ṣọ́jà wá pa mí níwájú ilé mi ni?"

Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú Àdùní, ó ń fi ọwọ́ gbà á kí ó má baà kán sára Bùsọ́lá, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin tó sùn sórí ẹní láàárín àwọn méjèèjì. Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, ọmọ náà ò tilẹ̀ mira. Ọ̀sán gangan ni. Òógùn ti rin fìlà orí rẹ̀ gbindin, ó ń ṣàn gba ẹ̀yìn etí rẹ̀, ìrọ̀rí sì ti tutù débi pé ènìyàn lè fún omi nínú rẹ̀. Láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ara ọmọ gbẹ. Orí nìkan ló ń làágùn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé yín: Sewanu kì í ṣe olè. Ọmọ Ègùn ni, ní Iworo, káfíńtà ọkọ̀ ojú omi tí bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ológun ti kó Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé wọn, dé, ta ló tún ń kan ọkọ̀ tuntun? Pákó di góòlù, ìṣó di góòlù, àwọn apẹja ń fi àkísà dí ihò ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n ń gbọ́nmi bí wọ́n ti ń tukọ̀. Ebi ò mọ̀ pé ènìyàn níṣẹ́ lọ́wọ́. Báyìí ni Sewanu ṣe di onífàyàwọ́, tó ń kó bẹntiróò gba orí ọ̀sà lọ sí Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ààlà.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ibẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Àwọn ṣọ́jà sì máa ń gba iwájú ilé kọjá. Ní Mówó, wọ́n ti mú ọkùnrin kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, wọ́n fi bẹ́líìtì nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó, wọ́n sì ní kó mu nínú epo tó gbé. Látìgbà tí Sewanu ti gbọ́ ìyẹn ló ti pinnu pé òórùn kankan ò gbọdọ̀ jáde nínú ilé òun. Ó kan pákó mọ́ fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ káfíńtà ilé ni, ì bá fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ̀ lọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó ki òwú bọ gbogbo àlàfo pákó, ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì tì í wọlé ṣinṣin, ó wá kun ọ̀dà gbígbóná lé e lẹ́ẹ̀mẹta, bó ti máa ń ṣe sí ìdí ọkọ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Nígbà tó ṣe tán, ó bọ́ síta, ó ti imú mọ́ ọn, ó ní kò sí òórùn. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ara rẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí orí Bùsọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lójú oorun.

Ìyá Sewanu, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á. Yorùbá rẹ̀ lọ́ mọ́ Ègùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dá a lójú: òtútù ni, atẹ́gùn ọ̀sà ló gba àtàrí ọmọ wọlé. Láràárọ̀ ló ń fi àdín àgbọn gbígbóná pa á lórí. Ó hun fìlà òwú kan tó nípọn, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bọ́ ọ. Bí òógùn bá pọ̀ sí i, á ní òtútù ló ń jáde yẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Nígbà tó sú Àdùní, ó pọn ọmọ lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì Títílọpẹ́ tó wà níbẹ̀, obìnrin Èkìtì kan ni, tí kì í rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí kì í lé ènìyàn. Ó wò ó bóyá ó ní ibà, kò ní. Ó fa ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára rẹ̀. Ó béèrè bóyá ó ń wúkọ́, bóyá ó ń rù, bóyá ẹnì kan nínú ilé ní ikọ́ ife. Ó ṣàlàyé pé orí ni ọmọdé fi ń làágùn jù, ooru lásán sì lè fà á. Bó bá jẹ́ ooru ni, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n bọ́ fìlà, kí wọ́n gé irun rẹ̀, kó sì máa mu omi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ooru, ó lè jẹ́ ọkàn ọmọ ni kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ.

"Ìyá Bùsọ́lá, fèrèsé mélòó ló wà ní yàrá tó ń sùn?"

"Méjì ni, mà," ni Àdùní wí. "Wọ́n kọjú sí ọ̀sà. A kì í tì wọ́n."

Kí ni ì bá sọ? Bó bá sọ òótọ́, wọ́n á béèrè ìdí tí wọ́n fi dí fèrèsé, ọ̀rọ̀ á sì ti ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn títí tí ṣọ́jà á fi gbọ́. Nọ́ọ̀sì tẹ́tí sí àyà ọmọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní níwọ̀n bí kì í ti í ṣe ooru, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àgbádárìgì, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ó kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Irọ́ Àdùní ló kọ lẹ́tà yẹn, ọwọ́ nọ́ọ̀sì lásán ló yá.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni Àdùní mú ọ̀bẹ ìdáná ha fèrèsé, tí Sewanu sì ká a mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìgbátí méjèèjì náà, Àdùní nu imú rẹ̀, ó ní kí ọkọ òun jọ̀ọ́, kí ó gbọ́ tòun, yàrá yìí ló ń pa ọmọ.

"Nọ́ọ̀sì ní ọkàn ni, ìwọ ní fèrèsé ni," ni Sewanu wí. "Ta ló kàwé nínú yín?"

"Mo parọ́ fún nọ́ọ̀sì, Bàbá Bùsọ́lá. Mo ní fèrèsé wa wà ní ṣíṣí."

Sewanu wo ọmọ, ó wo àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu òógùn lójú Bùsọ́lá, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn.

"O ṣe dáadáa tí o parọ́," ni ó wí. "Máa pa irọ́ náà lọ."

Ó tún fi ọ̀dà kun ojú ibi tí Àdùní ha náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnikẹ́ni ò sì kíyè sí i pé nígbà tí Àdùní wó lu kẹ́ẹ̀gì, ọmọrí ọ̀kan ti sán, epo sì ń yọ́ jáde níbẹ̀. Òórùn bẹntiróò ti mọ́ wọn nímú, wọn ò mọ ìgbà tó pọ̀ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Àdùní ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Ó pe Bùsọ́lá pé kó dìde wá jẹun. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, òórùn epo kọ lù ú, ó bá ọmọ lórí ẹní, ètè rẹ̀ ti ṣú, ọrùn rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ. Àdùní gbé e sáré jáde, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ igi àgbọn, ó bu omi dà á lójú, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Àgbà ń ké ní èdè Ègùn. Ó pẹ́ gan-an lójú Àdùní kí ọmọ náà tó mí, tó bì, tó sì wá figbe ta. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló bọ́ fìlà lórí rẹ̀, tó jù ú sínú iná ẹja.

Àdùní gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó wọlé, ó fi ìborùn bo imú, ó gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n síwájú ilé nínú oòrùn, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí wọn. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì nínú àpótí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó gba ìta bọ́ sídìí fèrèsé. Ọ̀dà le, òwú ti lẹ̀ mọ́ pákó. Ìṣó fà á lọ́wọ́ ya, kò wò ó. Ó ti fọ́ pákó mẹ́ta kúrò nígbà tí Sewanu dé.

Ọ̀dọ̀ kẹ́ẹ̀gì ni Sewanu kọ́kọ́ sáré lọ. Ó fẹ́ gbé méjì wọlé, ó rí fèrèsé, ó jù wọ́n sílẹ̀, ó fò mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó dì í mú lọ́rùn, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì tún gbé e sẹ́yìn láti gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Àdùní gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ bí egungun ṣe dá. Sewanu kígbe, ó jókòó lulẹ̀ láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú.

Ó kọjú sí ìyá rẹ̀ pé kó wá wo ohun tí obìnrin yìí ṣe fún òun. Ìyá Àgbà ò dìde.

"Ọmọ rẹ ti kú tán," ni ó wí. "Ìyàwó rẹ ló jí i."

Ìgbà yẹn ni Sewanu tó wo ọmọ. Bùsọ́lá ti sùn sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, orí rẹ̀ wà láìsí fìlà nínú atẹ́gùn ọ̀sà. Àdùní fi ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kan iwájú orí náà. Ó gbẹ. Ó gba ọmọ, ó gbé e pọ̀n, ó so ọ̀já mọ́ àyà, ó fi lẹ́tà Àgbádárìgì bọ abẹ́ ọ̀já náà.

"Níbo lò ń lọ?" ni Sewanu bi í.

"Dìsípẹ́ńsárì."

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Òótọ́ ohun tí wọ́n bi mí," ni Àdùní wí, ó sì gba iwájú àwọn kẹ́ẹ̀gì kọjá, ó bọ́ sójú ọ̀nà.