Páálí Àdídùn Kajú

“Ramkali, àbí ara rẹ ò yá ni?”

Ramkali ò yíjú. Ó dúró ti síǹkì, ó ń ha ìdí ìkòkò ọbẹ̀ àná. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń bá Nirupama àti ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, kò sì sí àárọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́ rí. Bó bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni ìròyìn àdúgbò á ti máa jáde: ta ló bímọ, ta ló kó jáde nílé ọkọ, ẹ̀rọ omi ta ló tún bàjẹ́. Nirupama a máa ṣàròyé pé ariwo obìnrin náà ń fọ́ òun lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí tí ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́, àyà rẹ̀ já.

“Mo ní kí ló ṣe ọ́? Ìdána Barkha ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣebí àná làwọn àna rẹ ní àwọn ń bọ̀ láti Dewas?”

“Wọ́n wá, màdáámù.”

“Ẹ̀hẹ́n. Òrùka wá dé ọwọ́ ọmọ?”

“Wọ́n ti gbé òrùka wọn lọ.” Ramkali pa omi ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́ sí sárì rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Màdáámù, ẹ rántí páálí àdídùn kajú tí ẹ fún mi nígbà ọdún Diwali? Èyí tó ní rìbọ́ọ̀nù pupa?”

Nirupama rántí. Ó rántí ju bí Ramkali ṣe rò lọ.

“Mi ò jẹ́ káwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Mo ní irú èyí kì í ṣe ohun tí à ń jẹ lásán. Mo gbé e síwájú òrìṣà wa, mo ní ọjọ́ táwọn àna bá dé la ó ṣí i. Lánàá, gbogbo ẹbí jókòó pé. Ìyá Lokesh, ìyá ọkọ, ní kí n gbé àdídùn wá kí òun kọ́kọ́ fi sí ìyàwó òun lẹ́nu. Mo gbé páálí kalẹ̀, mo ń yan bí ẹni tó ni ilé alárinrin. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló tú rìbọ́ọ̀nù. Màdáámù, ó ti bu. Ewú funfun ti hù lé e lórí, kòkòrò ń rìn káàkiri inú ẹ̀.”

“Háà.”

“Ó ní, ‘Ṣé èyí lẹ fẹ́ kí n fi sí ọmọ lẹ́nu? Ṣé bí ẹ ṣe kà wá sí nìyí?’ Ni wọ́n bá dìde. Wọ́n ní tó bá di Ọjọ́bọ̀ àwọn á ránṣẹ́ bóyá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà ṣì wà àbí ó ti parí. Barkha ò jẹ, kò mu, láti àná.”

Nirupama bèèrè pé, “O ò sọ fún wọn pé èmi ni mo fún ọ?”

“Kí n lè sọ kí ni? Kí wọ́n máa bú yín láàárín èrò? Ẹ ò kúkú mọ̀. Ẹni tó fún ẹ̀yin náà ló tàn yín jẹ. Bàbá Barkha fẹ́ máa pariwo, mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Mo ní màdáámù mi ò mọ̀.”

Ibi tó yẹ kí ènìyàn ti la ẹnu sọ òótọ́ nìyẹn. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu Nirupama ni pé, “Bóyá ooru ilé yín ló bà á jẹ́.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni Ramkali wí, ó dìde, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ìlú wa ní Indore, bí Diwali bá dé, páálí àdídùn a máa rìn ju ènìyàn lọ. Ọ̀gá báńkì á fún dókítà, dókítà á fún lọ́yà, lọ́yà á fún tíṣà ọmọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń tú rìbọ́ọ̀nù. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa là ń ṣe é, a sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ibi tí ìrìn páálí wá ń parí sí nìkan la kì í sọ, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní ẹni tí wọn yóò gbé e fún ló ń parí sí: agbálẹ̀, ọlọ́dẹ, obìnrin tó ń fọ abọ́.

Nígbà ọdún Dussehra, tó ṣáájú Diwali ní ogúnjọ́, ni ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé páálí náà wá fún Nirupama. Nirupama gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Láàárọ̀ Diwali ló gbé e wálẹ̀, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó sì rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Déètì tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́rin. Ó ronú díẹ̀, kò pẹ́ rárá. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin kí ni, inú wọn le, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó wá fi èékánná ha bébà náà kúrò, ó fi omi nu ojú ibẹ̀ kó lè mọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí fún Ramkali pẹ̀lú àdúrà.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin sì ni obìnrin yìí o. Ẹ̀kọ́ ìwà ló ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an, nígbà tó dé ilé-ìwé, òun ló kàn láti sọ̀rọ̀ òwúrọ̀ fún àwọn ọmọ, òtítọ́ sì ni àkòrí tó ti kọ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó kà á. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ìtìjú bò ó lórí pèpéle níbẹ̀, ó ń làágùn ní oṣù òtútù.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Girish, ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, Nirupama rò ó fún un. Ó rò gbogbo ẹ̀ tán, àfi ti èékánná.

Girish bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Tanmay, ṣé ìwọ nìkan lo ń ṣe é ni? Èyí tí èmi fún awakọ̀ wa, mi ò mọ ọdún tí wọ́n ṣe é.”

“Ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ ló ń bàjẹ́ lọ yìí, Bàbá Tanmay.”

“Lọ ra òmíràn fún un, kó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù gidi. Fi owó díẹ̀ lé e. Bí a bá fẹ́ jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo.”

Ló bá ra òmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé páálí tuntun ka orí tábìlì ilé ìdáná. Ramkali wò ó, kò fọwọ́ kàn án.

“Ẹ ṣeun, màdáámù. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé èyí lọ bá wọn, wọn á ní mo ń fi bẹ̀bẹ̀ ni. Wọn á ní mo jẹ̀bi.”

“Fún mi ní nọ́ńbà wọn, kí n pè wọ́n.”

“Wọn á ní ẹnìkan tí mo bẹ̀ níṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.”

Nirupama ṣírò ọjọ́. Ọ̀la ló kù, ọ̀tunla ni Ọjọ́bọ̀. Ramkali ò bẹ̀ ẹ́, kò bínú sí i, kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀, èyí gan-an ló sì ń pa á lára.

“Mo máa bá ọ lọ sí Dewas,” ló wí. “Lọ́la, bí ilé-ìwé bá ti jáde.”

“Ẹ̀yin fúnra yín?”

“Èmi fúnra mi.”

Kí Nirupama tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ramkali ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀. “Ọlọ́run á dá yín sí. Mo ti sọ fún bàbá Barkha pé ẹ ò ní dá mi dá a.” Nirupama sún sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ lọ ní ọjọ́ Rú. Ramkali sanwó ọkọ̀ tirẹ̀, kò gbà kí Nirupama san án. Ẹnu rẹ̀ sì ti là padà: bí Lokesh ṣe jẹ́ ọmọ dáadáa, pé kì í mutí, pé iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe táyà ló ti ń ṣiṣẹ́, pé Barkha ti ń fi bírò kọ orúkọ ẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé. Nirupama ń mi orí. Kò gbọ́ ìdajì nínú ẹ̀.

Yàrá méjì ni ilé àwọn Lokesh. Ìyá Lokesh jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ dígí ojú, ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí omi ọṣẹ. Ó tẹ́ ẹní fún wọn, ó gbé tíì wá. Nígbà tó rí Ramkali, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò lé e jáde.

Nirupama ò jẹ́ kó pẹ́. “Ìyá Lokesh, èmi ni mo fún Ramkali ní àdídùn ọjọ́ Àìkú. Kò tíì ṣí i rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣí i. Ẹ̀bi ò sí lọ́rùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà ẹ̀ jẹ ọmọ.”

Ìyá Lokesh gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó. Ọdún méjìlélógún lèmi náà ti ń fọ abọ́ kiri ilé àwọn olówó níbí. Mo mọ irú páálí yẹn, wọ́n ti fún mi tó mẹ́wàá. Mo máa ń dà á fún màlúù ni.” Ó kọjú sí Ramkali. “Ohun tó dùn mí ni pé mo rò pé o ti mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, o sì ní kí n máa jẹ ẹ́. Mo ní ẹni tí à ń jọ jìyà, òun náà ló tún ń fi ohun tí wọ́n fi ń ṣe wá ṣe mí.”

“Mi ò mọ̀, ìyá,” Ramkali dáhùn. “Mo fi orí ọmọ mi búra. Màdáámù náà ò mọ̀. Kò lè mọ̀. Ẹni tó fún wọn ló tàn wọ́n.”

“Ẹ mọ̀ àbí ẹ ò mọ̀?” Ìyá Lokesh bi Nirupama. Kò fi ìbínú bèèrè rárá. Ó kàn fẹ́ gbọ́.

Ọ̀nà àbáyọ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀rọ̀ ọmọ ti fẹ́ẹ̀ yanjú. Kó ṣáà sọ pé “mi ò mọ̀,” kí wọ́n mu tíì, kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Nirupama la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wo Ramkali tó jókòó tì í, tó ti ń mi orí kó tó sọ̀rọ̀, tó ń jẹ́rìí fún un. Ojú tì í débi pé ó ń wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Mo rí déètì tó wà ní ìdí ẹ̀ pé ó ti kọjá. Mo fi èékánná ha á kúrò kí Ramkali má baà rí i. Mo ní kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan.”

Ní ojúlé kejì, ẹnìkan ń lọ ata lórí ọlọ.

“Àwọn wo ni ‘wọn’?” Ìyá Lokesh bèèrè, àmọ́ kò dúró gba èsì. Ó dìde, ó wọ yàrá kejì, ó sì gbé àpótí òrùka jáde, ó gbé e lé Ramkali lọ́wọ́ kó lè rí i pé òrùka ṣì wà níbẹ̀. “Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wà níbẹ̀ bó ṣe wà. A ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ṣúgà lásán ni kí o gbé sílẹ̀, màá fi sí ọmọ mi lẹ́nu.”

Ramkali sunkún díẹ̀, ó dúpẹ́, ó dì mọ́ àna rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ Nirupama. Nígbà tó nu ojú tán, ó tú kókó kan ní etí sárì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé Nirupama ló wà níbẹ̀, èyí tó fi ń ṣílẹ̀kùn nígbà tí tọkọtaya bá ti lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé e sórí ẹní.

“Màdáámù, mo mọ̀ pé ohun tí ẹ sọ yẹn ò rọrùn. Ọlọ́run á san án fún yín nítorí Barkha. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹlòmíràn.”

“Ramkali, ọdún mẹ́rìnlá. Má bínú, jọ̀ọ́.”

“Mi ò bínú. Ká ní ẹ ò mọ̀ ni, màá ṣì máa bọ̀.”

Nirupama mú kọ́kọ́rọ́ náà. Ó di ilẹ̀ mú, ó dìde. Láti ọdún mẹ́rìnlá, ibi yòówù kí Nirupama ti dìde, Ramkali á dìde pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó síbẹ̀, ó ń mu tíì rẹ̀, Ìyá Lokesh ló sì sin màdáámù dé ẹnu ọ̀nà.