Ìdáhùn Tí Mo Fún Nọ́ọ̀sì

Mo ń fi ọṣẹ pa ìka ìyàwó mi kí òrùka lè bọ́. Ìka náà ti wú. Ètè rẹ̀ wú jù ú lọ. Áńbúláǹsì ti ń bọ̀.

"Bàbá Tófúnmi, ẹ rọra." Ohùn Motúnráyọ̀ ti há.

Òrùka bọ́.

Oògùn egungun ló lò láàárọ̀ yẹn. Lọ́dún tó kọjá ló yọ̀ ṣubú ní òpópónà Rye Lane nílùú òyìnbó níbí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní egungun rẹ̀ ti di fẹ́lẹ́. Hóró kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n kọ fún un.

Nígbà tó lo ti àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ sú wínníwínní, ó ń yún un. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tẹ̀ wá láago: ǹjẹ́ oògùn náà ṣe é ní nǹkan kan? Motúnráyọ̀ wà nílé ìwẹ̀. Èmi ni mo gbé fóònù. Alàgbà ni mí ní ìjọ wa. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ènìyàn pé a kì í fi ẹnu ara wa gba àìsàn.

"Kò ṣe é ní nǹkan kan," ni mo wí. "Ara rẹ̀ le."

Mo sọ fún ìyàwó mi pé edé tó jẹ ló fà á. Ó gbà mí gbọ́. Ó pa edé tì.

Hóró kejì ló wá gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, mímí rẹ̀ já gaara. Dókítà bèèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Mo la ẹnu.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Mummy fẹnu ara wọn sọ ọ́." Tófúnmi ọmọ wa nìyẹn. Ó ti sáré dé láti Lewisham níbi tó ń gbé.

"Fi bàbá ẹ sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni mo wí. "Nọ́ọ̀sì bèèrè. Mo ní kò sí."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Motúnráyọ̀ kọjú sí mi.

"Ẹ wá tún gba edé lẹ́nu mi lórí ẹ̀."



Dókítà ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan irú oògùn náà mọ́. Abẹ́rẹ́ egungun kan wà tó lè rọ́pò rẹ̀, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń gún un. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ rẹ̀.

"Tí ìyẹn náà bá bá mi jà ńkọ́?" ni Motúnráyọ̀ bi í.

"Ẹ sọ fún wa lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín."

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ó mú Tófúnmi wọlé. Ó ní kí èmi jókòó síta. Mo jókòó. Wákàtí kan kọjá, wọ́n jáde: ara rẹ̀ kò sú, ètè rẹ̀ kò wú.

Abẹ́rẹ́ kejì ku oṣù mẹ́fà.