Ọkọ̀ Funfun Tí Wọ́n Fi Ohùn Mujeebat Tà

Ẹsẹ̀ òkè Màpó ni wọ́n gbé ọkọ̀ méjèèjì sí ní àárọ̀ Sátidé yẹn, wọ́n kọjú imú wọn síra bí àgbò tó fẹ́ kàn. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Tòkúnbọ̀ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọra débi pé ẹni tí kò bá mọ ọkọ̀ á rò pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn mẹ́rin ni wọ́n, irú èyí tí àwọn ọmọ olówó fi ń sáré lójú títì márosẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì. Ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ mọ̀ ni èyí tó tó owó rẹ̀ nínú wọn.

Iṣẹ́ Mujeebat nìyẹn. Òun àti Morádéyọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ni “Inú Ọkọ̀”, ètò orí ayélujára tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ọkọ̀. Àwọn ẹlòmíràn a máa sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Mujeebat ní ti mẹkáníìkì ni ẹ́ńjìnnì, inú ọkọ̀ ni ẹni tó ra ọkọ̀ ń gbé. Òun ló ń sọ̀rọ̀, Morádéyọ̀ ló ń yà á ní fídíò, Morádéyọ̀ náà ló ń gé e, tó ń tò ó, tó sì ń gbé e jáde fún aráyé. Mujeebat kì í wo ara rẹ̀ rárá. Ojú máa ń tì í láti gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yà á tán, ó parí lọ́dọ̀ tirẹ̀ nìyẹn.

Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Agbo ilé àwọn oníṣòwò aṣọ kan ní Bẹyẹrúnká ni Mujeebat ti wá. Kúdẹtì ni ilé àwọn Morádéyọ̀, níbi tí baba rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, ti ṣe tíṣà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò á ti Bẹyẹrúnká lọ sí Kúdẹtì. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì á ti Kúdẹtì wá sí Bẹyẹrúnká. Kò sẹ́ni tó tún ń bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe tan mọ́ra.

Inú ọkọ̀ pupa ni Mujeebat kọ́kọ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà.

“Ẹ wo àga yìí,” ó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. “Ó gbá mi mú níbàdí bí ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n. Bí ẹ bá sáré yà ní kọ̀nà, ẹ ò ní yọ̀ lọ bá ẹni tó jókòó tì yín. Awọ gidi ni, ẹ wo bí wọ́n ṣe rán etí rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn há díẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọkùnrin gíga sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n tún ṣe bọ́tìnnì kan síbí tó ń mú àga gbóná. Nínú oòrùn Ìbàdàn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mujeebat bọ́ sínú funfun. Ní ti ojú lásán, funfun ti la pupa mọ́lẹ̀. Gíláàsì fẹ̀ lórí òrùlé rẹ̀, ó sì ń ṣí sílẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n kan gùn gbọọrọ níwájú awakọ̀, iná aláwọ̀ oríṣiríṣi ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn gbòòrò, àwọn tó bá jókòó síbẹ̀ sì ní ihò èésì tiwọn tí atẹ́gùn tútù ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n bó ṣe ti ilẹ̀kùn báyìí, lọ́fínńdà gbá a nímú. Lábẹ́ lọ́fínńdà yẹn, òórùn mìíràn wà, bí ẹní tó rẹ tí wọn kò sá. Ó fa bẹ́líìtì àga jáde dé ìdí. Ìdí rẹ̀ pọ́n pẹ̀lú ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, irin tó gbé àga dúró ti dípẹtà, iyanrìn wúrúwúrú sì wà lẹ́bàá rẹ̀.

“Ṣé ò ń yà á?” ó bi Morádéyọ̀.

“Mò ń yà á.”

“Ẹ̀yin èèyàn mi, omi ti mu ọkọ̀ yìí rí. Àgbàrá ti wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ̀lú. Wáyà ló ń gbé gbogbo iná tí ẹ rí yìí, wáyà tó bá sì ti mumi, ọjọ́ ló ń kà. Ẹ má jẹ́ kí ẹwà fà yín. Ẹ má rà á.”

Ó jáde, ó lọ gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀ pupa. “Èyí ni kí ẹ gbé lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ ra ọkọ̀, èyí ni màá ní kó rà.”

Nígbà tí Morádéyọ̀ pa kámẹ́rà, ó ní, “O ò bá ti rọra sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Japheth ló yá wa lọ́kọ̀ funfun yìí, ọkọ̀ sì kún ilé ìtajà rẹ̀ ní Mọ́lété.”

“Ó yá wa lọ́kọ̀, kò yá wa lẹ́nu,” Mujeebat dáhùn.

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tí ìyá Mujeebat fi pè é lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. “Máa bọ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n má tíì sọ fún ọ, àmọ́ máa bọ̀.” Ẹ̀rín wà lóhùn màmá náà. Mujeebat gun ọ̀kadà láti Ọjà'ba. Nígbà tó dé iwájú agbo ilé wọn, èrò ti pé síbẹ̀, àwọn ọmọdé ń ti ara wọn, áfáà sì gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ kan, ó ń ṣàdúà. Ọkọ̀ funfun ni. Mujeebat mọ̀ ọ́n kó tó sún mọ́ ọn.

Abdulmajeed ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú jalabíà tuntun. Ọkùnrin tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Ọjà'ba ni, kò ní ọkọ̀ rí láyé rẹ̀.

“Àbúrò mi! Wá wo ohun tí o bá mi rà!”

“Èmi kẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi?”

“Ìwọ mà ni. Nikáà èmi àti Bushrah ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, mo ní mi ò ní gbé ìyàwó mi lórí ọ̀kadà. Ibi tí mo ti ń ro èyí tí màá rà ni mo ti rí ọ nínú fóònù, o ní bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ló fẹ́ ra ọkọ̀, èyí ni wàá ní kó rà. Ta ni mo tún fẹ́ bi? Mo ta ilẹ̀ tí mo fẹ́ fi kọ́lé. Mo ní kí n má sọ fún ọ, kí inú rẹ lè dùn lójijì.”

Mujeebat nawọ́ sí i. “Ẹ jẹ́ kí n wo fídíò náà.”

Tayọ̀tayọ̀ ni Abdulmajeed fi yọ fóònù. Mujeebat wo ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló ń yin àga tó gbá a mú níbàdí, àmọ́ àga ọkọ̀ funfun ni wọ́n ń fi hàn. Ohùn rẹ̀ ló ní ẹ̀yìn há, tó ní kí ẹ má rà á, ọkọ̀ pupa ni wọ́n ń fi hàn. Omi kò sí níbẹ̀, ẹrẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní ìparí, kámẹ́rà rọra ń rìn lórí gíláàsì òrùlé funfun, ohùn rẹ̀ sì ń sọ pé, “Èyí ni kí ẹ gbé lọ.” Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, tí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ lọ jalè.

“Mujeebat, o ò ṣe àmín,” ìyá rẹ̀ sọ.

Ó ṣe àmín. Ó ní òun ń bọ̀, ó tún gun ọ̀kadà, ó di Kúdẹtì. Ó ń gba ẹjọ́ Morádéyọ̀ rò lọ́kàn ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Bóyá àwọn fídíò náà ló dàrú mọ́ra. Bóyá wọ́n gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ẹlòmíràn ló gé e. Ó bá Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà níwájú ilé, ó kúnlẹ̀ kí i, bàbá náà sì pe ọmọ rẹ̀ síta. Morádéyọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó rí ẹni tó dúró, ojú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni Mujeebat ti mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe.

Wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

“Ta ló gé fídíò yẹn?”

“Èmi ni.”

“O mọ̀ pé omi ti wọ ọkọ̀ yẹn. Ìwọ lo yà á.”

“Mujee, tòkúnbọ̀ wo ni kò ní àléébù? Ọ̀gbẹ́ni Japheth gbà mí síṣẹ́. Èmi ni mo ń bójú tó ìpolówó wọn báyìí. Iṣẹ́ gidi ni, tó ní ọ́fíìsì. Títí dìgbà wo la fẹ́ máa gbé kámẹ́rà kiri inú oòrùn?”

“O ò sì bi mí.”

“Bí mo bá bi ọ́, o ò ní gbà.”

“O mọ̀ pé mi ò ní gbà, lo ṣe mú ohùn mi lọ.”

“Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ náà ni. Mi ò fi nǹkan kan kún un.”

Mujeebat wò ó. “Ẹ̀gbọ́n mi ló ra ọkọ̀ náà.”

Morádéyọ̀ jókòó sórí àpótí. “Bọ̀ọ̀dá Majeed?”

“Bọ̀ọ̀dá Majeed. Ẹni tó gbé ọ dé ọsibítù lọ́jọ́ tí apá rẹ dá.”

“Háà! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ pé àwọn ni.”

“Bó bá wá jẹ́ ẹni tí a ò mọ̀ rí ńkọ́?”

Mujeebat ní kó lọ yọ fídíò náà kúrò. Morádéyọ̀ ní òun ti bá Ọ̀gbẹ́ni Japheth ṣe àdéhùn pé kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi ta àwọn ọkọ̀ tó kù. Mujeebat ní òun fúnra òun á yọ ọ́, ó mú fóònù jáde.

“Kò ní ṣí fún ọ,” Morádéyọ̀ sọ, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. “Mo ti yí páásíwọ́ọ̀dù ètò wa padà. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn ni.”

Ọjọ́ Sátidé yẹn ni wọ́n jọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mujeebat ti fóònù bọ àpò. Ó gba iwájú ilé kọjá, ó kúnlẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, ó ní ó dàbọ̀ sà.

Nígbà tó padà dé Bẹyẹrúnká, èrò ti túká, Abdulmajeed sì fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ han Bushrah. Mujeebat wọ inú ọkọ̀, ó jókòó tì í níwájú. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ní sùúrù. Ẹ ti ilẹ̀kùn.” Ó fa bẹ́líìtì jáde dé ìdí. Abdulmajeed wo ẹrẹ̀ náà. Mujeebat sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí omi dórí Kúdẹtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó fi ìka kan irin tó dípẹtà, ó wo ìka náà.

“Ohùn rẹ ni mo gbọ́, Mujeebat.”

“Ohùn mi ni.”

“Ojú rẹ ni mo rí.”

“Ojú mi ni, àmọ́ kì í ṣe ọkọ̀ yìí ni mo ń yìn.”

Abdulmajeed fi etí jalabíà rẹ̀ nu ìka náà. Lẹ́yìn náà ló bi í jẹ́jẹ́, “Ṣé wọ́n fún ìwọ náà ní nǹkan?”

Gbogbo ohun tí Morádéyọ̀ sọ ní Kúdẹtì kò dun Mujeebat tó ìbéèrè yìí. Ó ní, “Rárá, sà,” ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n jọ lọ sí Mọ́lété lọ́jọ́ Ajé láti gba owó padà. Ọ̀gbẹ́ni Japheth fún wọn ní àga àti omi tútù, ó fọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò tan ẹnikẹ́ni. “Àbúrò yín ló yìn ín, sà. Gbogbo ayé ló gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé yín ni.” Abdulmajeed kò wo ojú Mujeebat títí wọ́n fi délé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Mujeebat jókòó sínú ọkọ̀ funfun náà lójú gbogbo agbo ilé, ó gbé fóònù tirẹ̀ síwájú, ó sì tún sọ ohun tó ti sọ lẹ́sẹ̀ òkè Màpó. Ó fi ẹrẹ̀ hàn, ó fi ìpẹtà hàn, ó sọ pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ òun tò, ó sì gbé e sórí ayélujára lójú ìwé tirẹ̀. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan ní òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jọ gba owó náà, ìgbà tí wọ́n fẹ́ pín in ni wọ́n jà. Ní Ọjà'ba, obìnrin kan tó máa ń fi ẹ̀rín kí i tẹ́lẹ̀ bi í pé èwo gan-an ni òótọ́ nínú fídíò méjèèjì.

Bẹẹrẹ ni ọkọ̀ náà kú sí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, Abdulmajeed ń gbé Bushrah lọ nínú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n iwájú kọ́kọ́ ṣókùnkùn, ẹ́ńjìnnì dákẹ́, gíláàsì òrùlé sì ṣí fúnra rẹ̀, kò padé mọ́. Òjò ń ya lù wọ́n lórí nínú ọkọ̀ olówó ńlá, àwọn ọlọ́kadà sì ń pariwo pé kí wọ́n tì í kúrò lọ́nà. Abdulmajeed délé tòun ti aṣọ tútù, ó lọ bá Mujeebat ní yàrá rẹ̀.

“Má bínú sí ìbéèrè tí mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn.”

“Kò sí nǹkan, sà.”

Àmọ́ nǹkan wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù ló wá gbé funfun náà lọ. Ilẹ̀ tó tà kò ṣeé rà padà. Nígbà tí Abdulmajeed fẹ́ yá ọkọ̀ tí yóò fi gbé ìyàwó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló lọ bi, kò bi Mujeebat.

Lọ́jọ́ nikáà, Mujeebat ń gbé oúnjẹ fún àlejò nígbà tó rí Morádéyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, ó gbé ẹ̀bùn tí wọ́n fi bébà dì lọ́wọ́. Fídíò náà ti kúrò lórí ayélujára láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀. Ìyá Mujeebat, tí wọn kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún, ti fa Morádéyọ̀ wọlé, ó ti ń pè é ní ọmọ òun.

“Mo ti kúrò lọ́dọ̀ Japheth,” Morádéyọ̀ sọ nígbà tó ku àwọn méjèèjì.

“Mo gbọ́.”

“Mujee, mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kò dára. Páásíwọ́ọ̀dù wà níbí. Gbogbo ètò náà á di tìẹ nìkan. Bí o bá sì fẹ́, a lè tún...”

Mujeebat gbé àwo ìrẹsì kan fún un, ó fi ẹran sí i, ó wá ṣíbí mọ́ ọn. “O ṣé tó o wá. Jẹun kí o tó lọ.”

Ó yí padà, ó lọ gbé omi fún àwọn àgbààgbà tó jókòó lábẹ́ ìbòòji.