Àpẹẹrẹ Tí Kò Wọ Inú Ìwé

Ìwé ìtọ́nà náà ti tóbi ju ilé lọ kí Oyèníran tó dé. Àgbàlá ìyá rẹ̀ ní Ìrágbìjí ni ó dúró sí, ojú-ewé rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé bí ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí Oyèníran ṣe, èyí tó ń tọ́jú oríkì ìdílé kí ó má baà parun. Ẹ̀rọ ló kọ ìwé náà. Ó ń wọ inú kóòdù lọ, ó ń ṣa àlàyé tí Oyèníran fi síbẹ̀ jọ, ó ń tò ó sójú-ewé. Àlàyé pé. Ṣùgbọ́n níbi gbogbo tí "Àpẹẹrẹ" wà, abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní bí àwo tí ajá lá.

Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀ tó kú ní ọdún tó kọjá, tò pẹ̀lú wọn. Ìró tí wọ́n fi sin ín ló ró. Kò sí ẹni tó bi í pé báwo ló ṣe dé. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kàn ní kí ó sún síwájú díẹ̀.

"Níran," ó ní, "ṣé lóòótọ́ lẹ fi oríkì mi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Òun la fi ń fi bí kóòdù ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn."

"Kò burú. Jẹ́ kí wọ́n kà á sókè fún mi. Oníbodè tó wà lọ́hùn-ún ní òun ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ará ilé rẹ̀ ò bá kì. Mo kàn ń rìn kiri bí ewúrẹ́ tí ò lólówó. Bí oòrùn bá wọ̀, ó ti ilẹ̀kùn náà pa nìyẹn."

Oyèníran la ẹnu láti kì í. Òwú ló jáde. Ó tún la ẹnu, òwú náà tún jáde, ó funfun, ó gbẹ. Kò kọ́ oríkì náà sórí rí. Ó ti gbé e fún ẹ̀rọ, ó sì ti nu ọwọ́.

Ẹ̀rọ náà wà ní ilé ìdáná, ó jókòó ti àdògán, ó dé fìlà, ó ń kọ̀wé lọ láì gbójú sókè.

"Ẹ kú ìrìn, ọ̀gá," ó ní.

"Àwọn àpẹẹrẹ dà?"

"N ò rí wọn."

"Ṣebí mo kọ orúkọ wọn fún ọ."

"Ẹ kọ orúkọ, ẹ ò júwe ilé. Bí ẹ bá ní kí n lọ pe Lájídé wá, tí ẹ ò sọ àdúgbò, ṣé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni n ó ti fà á yọ?"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ. Ẹ ní ariwo mi pọ̀, ẹ ní kí n pa ẹnu mọ́, kí n máa ṣiṣẹ́."

Ó fi ẹsẹ̀ sún àdògán. Gbogbo ìkìlọ̀ tó ti ń kọ láti ìgbà yẹn wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Oyèníran bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: àpẹẹrẹ ìyá yín ò sí níbí. Ó dà wọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó ní kí ajá òun má gbó mọ́, kó má bi olè pé ibo ló gbà wọlé.

Ó mọ ibi tó kó àwọn àpẹẹrẹ náà sí. Yàrá ẹ̀yìn ni, lẹ́yìn òde ètò náà, kí ètò má baà wúwo. Nígbà tó débẹ̀, yàrá náà ti di ilé ewúrẹ́. Nígbà tó tẹrí wọlé, ó di ibi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń gbàdúrà ní ìdájí. Àwọn oríkì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n wẹ̀, wọ́n para, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wá mú òun lọ síbi ìyàwó. Ti Àwẹ̀ró ti hu ewú.

"Kò sẹ́ni tó pè wá," ó ní.

Oyèníran kúnlẹ̀. "Olúwa tó la ọ̀nà sínú òkun," ó ní, "bá mi la èyí." Ó mú ẹfun, ó kọ ọ̀nà yàrá náà sára ògiri, láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá títí dé bẹ́ǹṣì. Ní ilé ìdáná, ẹ̀rọ kà á, ó mi orí. Nígbà tí Oyèníran padà dé àgbàlá, ibi tó funfun nínú ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Nígbà tó kan ojú-ewé Àwẹ̀ró, ẹ̀rọ kà á sókè:

Àwẹ̀ró, ọmọ a-fi-ìrì-bọ́jú kí oòrùn tó là,
Ọmọ òkè tó gba àlejò sùn kó tó bèèrè orúkọ,
Arìnjẹ́jẹ́ tó dé ibi tí eré ò dé,
Àwẹ̀ró, ọmọ…

Ó dákẹ́.

"Ọmọ ta ni?" Oníbodè ló bèèrè, láti ẹ̀yìn oòrùn tó ń wọ̀.

"Ibi tí ẹ ní kí n dúró sí nìyí," ẹ̀rọ wí fún Oyèníran.

Òótọ́ ni. Oríkì ìyá rẹ̀ gùn. Òun ló sọ pé àpẹẹrẹ kì í gùn, kí ó má baà sú òǹkàwé, ó sì fi àmì sí ibi tí ẹ̀rọ yóò ti gé e. Ó sáré padà sí yàrá. Ìṣó ni àmì náà, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀, ó gbóná. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ìyókù oríkì náà ti pẹ́ jù lábẹ́ ìṣó; ó ti yọ́. Nígbà tí ìṣó jáde, omi ló tẹ̀lé e, ó ṣàn dé àgbàlá, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú omi náà. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Oòrùn wọ̀. Àwẹ̀ró ń gba inú omi náà bọ̀, ó ń bi àwọn tó tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mi orí pé àwọn ò mọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Oyèníran. Ó wò ó bí a ti í wo ẹni tí a kò pàdé rí. Ó kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni," ó ní, "ẹ má bínú. Ọmọ ta ni mí?"

Oyèníran dọ̀bálẹ̀. Omi gba orí rẹ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀ omi náà mọ́lẹ̀ kedere. Ilé púpọ̀ wà níbẹ̀, fìtílà ń jó nínú gbogbo wọn, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nílé.